Bísíkíìtì oníyọ̀ fún pẹ́pẹ́súùpù: oṣù méjì pẹ̀lú ìkòkò oníyanrìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń ta pẹ́pẹ́súùpù ẹja àrọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀nà Ògo-Olúwa ní Òṣogbo, níbi tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ máa ń yà sí kí wọ́n tó wọlé. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀, ọjà ń yá, àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni àwọn oníbàárà ń rò fún un lójoojúmọ́: "Ìyá Ìbejì, kí la máa fi jẹ ẹ́?" Ẹni tó fẹ́ jẹun yó yóò ní kí wọ́n bu ìrẹsì tàbí iṣu sísè sí i. Àwọn tó kàn fẹ́ jókòó, kí wọ́n máa mu omi ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa jiyàn bọ́ọ̀lù, àwọn yẹn kò rí nǹkan kan fi sẹ́nu. Ó fún wọn ní búrẹ́dì, búrẹ́dì fa omi ọbẹ̀ tán ó sì já sínú abọ́. Ó ra bísíkíìtì kábíìnì, wọ́n ní ṣúgà inú rẹ̀ kò bá ata rẹ́.

"Fọlá, ìwọ tó o máa ń ṣe kéèkì, ṣé o ò lè bá mi ṣe èyí tó jẹ́ oníyọ̀?"

Mo ní mo lè ṣe é. Ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa kì í mu ọbẹ̀. Òkèlè la fi ń kó o, ọbẹ̀ tó bá sì ṣàn jù, ẹjọ́ ni wọ́n máa ro mọ́ ẹni tó sè é lẹ́sẹ̀. Pẹ́pẹ́súùpù ló dé tó sọ wá di amọbẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ní kókóró, a ní ìpékeré, a ní róbó àti àádùn, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a dìídì ṣe nítorí ọbẹ̀. Gàrí tútù la ń fi òmíràn mu, òmíràn sì jẹ́ ti ojú ọ̀nà. Àwọn ará etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ní tiwọn: ọbẹ̀ oníwàrà tí wọ́n fi ẹran inú ìkarahun òkun sè, wọ́n máa ń da bísíkíìtì róbótó-róbótó oníyọ̀ lé e lórí kí wọ́n tó mu ún. Wọ́n tiẹ̀ máa ń pa á nítàn pé oníbúrẹ́dì kan ní Massachusetts, Josiah Bent, ló jó bísíkíìtì rẹ̀ mọ́ iná ní 1801, tó gbọ́ tó ń dún pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, tó sì ti ibẹ̀ sọ ọ́ ní cracker. Ìtàn yẹn tù mí nínú gan-an, torí jíjó ni tèmi náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ní nílé

Mi ò ní ààrò gáàsì. Ìkòkò alumíníọ̀mù ńlá tí mo fi ń ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ni mo ní, pẹ̀lú sítóòfù gáàsì olójú méjì. Ẹni tó ti ṣe kéèkì nínú ìkòkò rí mọ bó ṣe ń lọ. Mo fi ajọ̀ jọ yanrìn, mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo sá a sóòrùn ọjọ́ méjì, mo sì yan án lórí iná kí ọ̀rinrin tó kù lè jáde. Mo dà á sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ga tó ìka ọwọ́ méjì. Agolo tòmátì onírin mẹ́ta tó ti ṣófo ni mo tò sórí yanrìn láti gbé páànù dúró. Èmi àti ìkòkò yìí ti mọwọ́ ara wa láti ọdún pípẹ́, mo sì rò pé iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan péré ló wà níwájú mi.

Sátidé àkọ́kọ́

Fúláwà gíráàmù 250, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan, bẹkin páúdà ìdajì ṣíbí ìmutíì, òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, omi mílílítà 110. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì pò ó bí ẹni ń pò fúláwà búrẹ́dì, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí èrò mi ni pé bí mo bá ṣe pò ó tó ni yóò ṣe dára tó. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi tẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń tì í síwájú ló ń fà sẹ́yìn bí rọ́bà táyà. Mo fi ọ̀bẹ gé e bí a ṣe ń gé ṣíńṣìn, mo tò ó sórí páànù, mo dé ìkòkò pa, mo gbé òkúta lé ọmọrí kí ooru má baà jáde, bí mo ṣe máa ń ṣe fún kéèkì.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25 mo ṣí i. Ìsàlẹ̀ bísíkíìtì ti dúdú. Òkè rẹ̀ funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò fi ìpara pa ara lọ́yẹ́. Gbogbo wọn ti wú bí pọ́ọ̀fù, inú wọn ṣófo, omi sì ń kán sí wọn lára láti abẹ́ ọmọrí. Àwọn tí omi kò kán sí le débi pé Tóbi ọmọ mi fi ọ̀kan lu orí tábìlì, ó ní òun ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ọ wò lórí ìdúró. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n kí Bàbá Tóbi.

Ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀ tó ti ń ṣe búrẹ́dì kí wọ́n tó bí mi. Mo kó ìyókù bísíkíìtì náà sínú ọ̀rá, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì ro ẹjọ́ mi. Wọ́n fọ́ ọ̀kan sí méjì, wọ́n wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú obì.

"Ta ló ní kó o pò ó báyìí? Ṣé o fẹ́ ta búrẹ́dì ni?"

Wọ́n ní fúláwà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ní okùn nínú. Bí a bá ṣe ń pò ó ni okùn yẹn ń so ara rẹ̀ pọ̀. Ohun tí oníbúrẹ́dì ń wá nìyẹn, kí ó lè gba afẹ́fẹ́ mọ́ra kó sì wú. Ẹni tó fẹ́ ṣe bísíkíìtì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí okùn náà rí ara wọn so. Kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra òróró mọ́ fúláwà gbígbẹ títí yóò fi dà bí gàrí tútù, kí òróró bo ìyẹ̀fun lára, kí omi tó dé ibẹ̀. Kí n da omi sí i, kí n kó o jọ, kí n sì fi í sílẹ̀. Kí n bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó sinmi. Kò ní fà sẹ́yìn mọ́ bí mo bá ń tẹ́ ẹ. Nípa wíwú, wọ́n ní kí n gún un.

"Ẹ ní kí n gún un nínú odó, bàbá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Fọ́ọ̀kì ni wọ́n ní kí n fi gún un, kí ihò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Omi inú fúláwà ń di ooru bí iná bá bá a, bí kò bá sì rí ojú ihò gbà jáde, òun ló ń gbé òkè bísíkíìtì dìde kúrò lára ìsàlẹ̀. Mo rántí ojú bísíkíìtì kábíìnì tí mo ti ń rí láti kékeré, gbogbo ihò tó tò lára rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Mo ti rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Sátidé kejì àti ọ̀rọ̀ ọmọrí

Mo ṣe gbogbo ohun tí bàbá sọ, fúláwà sì gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mílímítà méjì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, mo fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri. Kò wú mọ́. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ṣì ń jó, òkè ṣì funfun, omi ṣì ń kán.

Mo jókòó ti ìkòkò náà, mo ronú sí i. Kéèkì fẹ́ràn ooru omi. Bí a bá sé e mọ́nú ìkòkò, inú kéèkì á rọ̀. Ohun tó ṣe kéèkì lóore ló ń pa bísíkíìtì lára. Èkejì, iná mi ti ìsàlẹ̀ nìkan ń wá. Kò sí ohun tó ń fún òkè lóoru bí kò ṣe ọmọrí tó tutù, omi tó bá sì ti gòkè lọ bá a níbẹ̀ yóò padà sórí oúnjẹ.

Mo kọ́kọ́ fi ṣíbí gbé ẹnu ọmọrí sókè díẹ̀ kí ooru omi lè jáde. Omi kò kán mọ́, ṣùgbọ́n òkè tún wá funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ooru ń bá omi jáde. Mo yí wọn padà láàárín ìṣẹ́jú, ìka mi jó lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ tuntun sì jó bíi ti àtijọ́.

Ẹyin iná ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ìyá wa àgbà máa ń gbé ẹyin iná lé ọmọrí nígbà tí wọ́n bá ń se ìrẹsì púpọ̀ fún ìnáwó, kí ó lè jinná láti òkè. Ọmọrí alumíníọ̀mù mi fẹ́lẹ́, mi ò fẹ́ kó ká kò mí lójú. Mo lọ bá wẹ́dà kan lẹ́bàá Ọláìyá, mo fi okùn wọn ẹnu ìkòkò dání. Ó gé irin pẹrẹsẹ róbótó fún mi, ó jó etí rẹ̀ yípo kó ga tó ìka kan kí èédú má baà máa yí ṣubú, ó sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọwọ́ sí àárín tí mo lè fi ọ̀pá kọ́ gbé. Mo ní kó lu ihò mẹ́rin tí kò ju ìka ọmọdé lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ooru omi. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní bísíkíìtì. Ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wo ilẹ̀.

Irin tuntun máa ń ní òróró iṣẹ́ lára. Mo fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ ọ́, mo sì gbé e lórí iná fúnra rẹ̀ títí tí kò fi rú èéfín mọ́ kí n tó jẹ́ kó súnmọ́ oúnjẹ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìkòkò mi ti di ààrò. Gáàsì ní ìsàlẹ̀ kéré, èédú lórí pọ̀. Mo ra aago kékeré tó ń wọn ooru lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò kéèkì ní ọjà Ìgbọ̀nà, mo gbé e sórí páànù. Ó gba ìṣẹ́jú 20 kí ó tó dé 200°C. Kí n tó ra aago yẹn, fúláwà ni mo fi ń dán an wò: mo máa ń wọ́n díẹ̀ sórí páànù, bí ó bá pọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, ó gbóná tó; bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, mo ń dín iná kù. Ẹni tí kò fẹ́ náwó lè dúró lórí ti fúláwà.

Ọjọ́ tí gbogbo ilé húkọ́

Inú mi ti dùn, mo wá ń ṣe àṣejù. Mo ní bí ó bá jẹ́ ti pẹ́pẹ́súùpù ni, kí bísíkíìtì náà ní adùn pẹ́pẹ́súùpù lára. Mo wọ́n ata gígún sójú wọn, mo sì fi edé lílọ̀ kún un.

Ata tó bá wà lójú bísíkíìtì lábẹ́ ẹyin iná kì í pẹ́ jó. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí èéfín fi gba ihò mẹ́rin tí wẹ́dà lù jáde. Bàbá Tóbi jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ìyá tó wà ní yàrá kejì ń pariwo pé ta ló ń lé ẹ̀fọn. Àwa tí a wà nínú ilé, a bá ara wa lẹ́yìn kànga. Edé ní tirẹ̀ ti di èédú, ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá tètè ń jó, inú fúláwà ló gbọ́dọ̀ wà. Yànmọ̀tí ló lè wà lójú, òróró inú rẹ̀ ń jẹ́ kó yan dáadáa, ó sì ń ta sánsán. Iyọ̀ náà lè wà lójú. Ata, edé, àti gbogbo ẹbí wọn, inú.

Ìyá alágàrí

Nígbà tí oṣù keje fi máa wọlé, bísíkíìtì mi ti lẹ́wà. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò wú, kò jó. Mo kó wọn lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ta gbogbo rẹ̀. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé ni Ìyá Ìbejì pè mí. Èyí tí mo ṣe kún un ní ọjọ́ Jímọ̀ ti rọ̀. Kò bàjẹ́, kò bu, ó kàn yi bíi pọ̀nmọ́. Oníbàárà kan ti ní ṣé àwọn ń tà fún ẹni tó ní eyín ni àbí ẹni tó ń wá eyín. Mo kọ́kọ́ dá òjò lẹ́bi, mo dá ọ̀rá lẹ́bi, mo tún dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi nínú ọkàn mi pé ó gbé e sẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀.

Ọjà ni mo ti rí ìdáhùn. Mo ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá kan tí mo ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, bísíkíìtì kan wà nínú báàgì mi, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́ ọ wò. Wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n rún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́.

"Ẹ ò tíì yan án tán."

"Ìyá, ẹ wo ojú rẹ̀, ó ti pọ́n."

"Ojú ló pọ́n. Inú ṣì tutù. Gàrí tí wọ́n bá fi iná ńlá yan, tí ojú rẹ̀ yá pọ́n, tí inú rẹ̀ kò gbẹ, ọjọ́ kẹta ló ń bu. Ẹ dín iná yín kù kí ẹ fi sùúrù yan án."

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú kóńgò gàrí lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo ti lò, jíjinná ni mo ń lé. Bísíkíìtì kò ṣòro láti jinná. Ó fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Gbígbẹ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá rí i kedere pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iná ń ṣe. Omi ń hó ní 100°C; ojú bísíkíìtì tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀ kò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè pọ́n. Bí ojú bá gbẹ, tó sì gbóná kọjá nǹkan bíi 140°C, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, adùn rẹ̀ ń jáde. Iná 200°C ń gbẹ ojú kíákíá, ó ń pọ́n ọn, omi àárín sì ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá gbé e kúrò nígbà yẹn, yóò dún lẹ́nu lọ́jọ́ kìíní. Tó bá di ọjọ́ kejì, omi àárín ti rìn jáde dé etí, gbogbo rẹ̀ á wá yi.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: ìṣẹ́jú 12 ní 200°C pẹ̀lú èédú lókè, títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Mo ń gbọn ọ̀pọ̀ èédú dànù, mo ń dín gáàsì kù dé ibi tó kéré jù, mo sì ń fi ṣíbí gbé ọmọrí sókè. Ooru ń sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 120°C. Mo ń fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25 sí 30. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ṣẹ́ ọ̀kan láàárín, tí ó dún kẹ́ẹ́, tí àárín rẹ̀ kò ṣókùnkùn ju etí lọ, ó ti tán. Bí ó bá tẹ̀ kó tó ṣẹ́, mo ń dá a padà.

Ìdánwò inú abọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun kan ṣoṣo ló kan òun: bí oníbàárà bá ti bísíkíìtì bọ ọbẹ̀, tí ẹnì kan pè é, tí ó yíjú, kí ó yíjú padà kó ṣì bá a lódidi. A fi í sí ìṣẹ́jú kan. Mo gbé abọ́ pẹ́pẹ́súùpù gbígbóná kalẹ̀, mo gbé aago orí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Tóbi sì di akọ̀wé.

Búrẹ́dì kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kábíìnì lo fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì kí ó tó rọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti bísíkíìtì líle tí àwọn atukọ̀ ojú omi máa ń kó dání nígbà tí ìrìn àjò ń gba oṣù, àwọn náà á sì rẹ ẹ́ sínú ọbẹ̀ tàbí tíì kí eyín wọn lè ràn án. Tèmi tí mo fi òróró ṣíbí mẹ́ta ṣe lo ìṣẹ́jú kan àti àáyá 30. Mo ti gbìyànjú òróró ṣíbí márùn-ún, ó dùn lẹ́nu gan-an, àmọ́ ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ kí ìṣẹ́jú tó pé. Mo tún fi fúláwà ẹ̀gẹ́ gíráàmù 50 rọ́pò fúláwà àlìkámà. Ní gbígbẹ, ó dún ju gbogbo wọn lọ, ẹ̀gẹ́ kò ní okùn tí oníbúrẹ́dì ń sọ. Nínú ọbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40, ó ti ń yọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo tọ́jú ìyẹn fún ìgbà tí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́ lásán.

Irú

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á yínmú. Edé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dára nínú fúláwà, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè ronú kan edé. Irú ló sọ bísíkíìtì yìí di tiwa. Mo ra irú wooro, mo fọ̀ ọ́ kí òkúta má baà sápamọ́ síbẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí páànù nínú ìkòkò tó ti ń tutù lẹ́yìn tí mo ṣe bísíkíìtì tán, mo jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti gbẹ táútáú. Mo gún un nínú odó kékeré, mo kù ú. Ìyẹ̀fun irú ṣíbí ìjẹun kan fún fúláwà gíráàmù 250. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn rẹ̀ á ṣáájú yín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó bá wà nínú ìkòkò, àdúgbò á mọ̀. Bí ó bá yan tán, òórùn yẹn á ti lọ, ohun tó kù á dà bí ẹran yíyan, adùn kan tó jinlẹ̀ tí ahọ́n ń wá ibi tó ti wá. Mo fi ìyèré gígún ìdajì ṣíbí ìmutíì tẹ̀ lé e, torí ìyèré ti wà nínú pẹ́pẹ́súùpù ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú èèrù àti aríwo. Mo dán aríwo náà wò nínú bísíkíìtì, ó gba gbogbo ẹnu, mo yọ ọ́. Èèrù kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, ipò rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ tó o.

Iye tí mo ń lò báyìí: fúláwà 250, ìyẹ̀fun irú ṣíbí ìjẹun kan, ìyèré ìdajì ṣíbí ìmutíì, bẹkin páúdà ìdajì ṣíbí ìmutíì, òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, omi láti 100 sí 110, yànmọ̀tí ṣíbí méjì sójú. Mo dín iyọ̀ kù díẹ̀ nítorí irú tí mo ń rà ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Omi ni kí ẹ fi ojú wò. Ní àsìkò òjò, fúláwà inú àpò ti mu ọ̀rinrin tirẹ̀, 100 máa ń tó o.

Ọ̀rá àti àbẹ́là

Bísíkíìtì tó gbẹ dáadáa tún wá di ọ̀tá afẹ́fẹ́. Ìrọ̀lẹ́ oṣù keje ní Òṣogbo, a lè fún omi nínú afẹ́fẹ́ bí aṣọ. Mo gbé mẹ́fà sínú abọ́ láìdé e lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọn ti ń tẹ̀. Rọ́bà onídèérí ṣiṣẹ́ fún ilé, àmọ́ ní ìsọ̀, ìdérí tí wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀ogún láàárín wákàtí kan kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Ọgbọ́n oníkúlíkúlì ni mo jí. Mẹ́fà-mẹ́fà nínú ọ̀rá kékeré, mo ká ẹnu ọ̀rá mọ́ etí rúlà, mo sì fà á kọjá lórí àbẹ́là kí ó lẹ̀ mọ́ra. Ohun kan tó bà mí jẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́: mo di wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì gbóná. Ooru wọn di omi sára ọ̀rá, omi padà sórí wọn, gbogbo iṣẹ́ ìṣẹ́jú 30 náà sì ṣòfò. Báyìí, mo ń tò wọ́n sórí ajọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lábẹ́, wákàtí kan gbáko, kí n tó tan àbẹ́là. Èyí tí mo dì dáadáa dún lẹ́nu lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí mo lè fi dán ọjọ́ kẹtàlá wò, àwọn ọmọ ti mọ ibi tí mo ń tọ́jú wọn sí.

Èyí tó bá rọ̀, ẹ má dà á nù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìkòkò tí iná rẹ̀ kéré, ó ti padà bọ̀ sípò.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun

Oṣù kẹjọ ni Ìyá Ìbejì ti fojú sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe Ìwọ́pópó, ìwẹ̀nùmọ́ ìlú tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, tí wọ́n tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún, ìlú ti ń kún nìyẹn, títí di ọjọ́ Jímọ̀ tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, máa gbé igbá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun. Àlejò kì í fẹ́ jẹ iyán ní aago mẹ́wàá alẹ́. Pẹ́pẹ́súùpù ni wọ́n ń bèèrè.

Páànù kan nínú ìkòkò mi ń gba bísíkíìtì 24. Ọ̀rá mẹ́rin nìyẹn, ó sì ń gba wákàtí kan bí a bá ka gbígbẹ mọ́ ọn. Ìyá Ìbejì ní òun ń fẹ́ ogójì ọ̀rá lójúmọ́. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń retí kí iye rẹ̀ yí padà. Mo wá rí i pé gbígbẹ kò nílò ààrò tó dára. Mo yá ìkòkò kejì lọ́wọ́ ìyá tó ń bèèrè ẹni tó ń lé ẹ̀fọn, mo da yanrìn sí i, mo sì gbé e sórí ojú kejì sítóòfù pẹ̀lú iná tó kéré jù. Èkíní ń pọ́n, èkejì ń gbẹ. Bí wọ́n bá ṣe lo ìṣẹ́jú 12 nínú èkíní, mo ń tú wọn sínú èkejì, mo lè tò wọ́n ní ìpele-ìpele síbẹ̀ lórí ajọ̀ onírin torí wọn kò tún ní lẹ̀ mọ́ra. Bàbá Tóbi ló ń di ọ̀rá. Ó ti fi àbẹ́là jó ìka kan, ó sì ń fi hàn fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ogójì kò pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èyí tí mo ṣe jù, ní Ọjọ́bọ̀, lóru, nígbà tí gáàsì tán ní ìdajì ọ̀nà tí mo fi èédú nìkan parí rẹ̀.

Ní alẹ́ Jímọ̀, mo dé ìsọ̀ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ti Ìbàdàn wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tó ti gbẹ, ó mú èyí tó kẹ́yìn dání, ó ń wo ihò ara rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fi sínú nǹkan yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́ lára ìró, ó ní àwọn kì í sọ. Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Irú yẹn ti tán o. Wẹ́dà yẹn ńkọ́, ṣé ó lè gé ọmọrí kan sí i?"